Àwọn Tó Bá Mi Ru Kúlà Wáákyè

Títí di òní olónìí, bí òórùn ewé ọkà bàbà bá kàn mí nímú láàárọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé mi ní Mamobi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, àti ìtìjú kan tí mo rò pé yóò bá mi wọ sàréè, àmọ́ tó padà di ọpẹ́. Ewé yẹn ni wọ́n fi ń se wáákyè, ìrẹsì àti ẹ̀wà àsèpọ̀ tí àwọn ará Accra ń jẹ kí oòrùn tó mú. Òun ló ń sọ ọ́ di pupa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń kun ìtàn ara rẹ̀ ní àtíkè.

Ọlọ́ṣẹ ni mí. Ọṣẹ dúdú tí à ń sè, alata samina ni àwọn ará Ghana ń pè é, orúkọ wa ló sì wà lára rẹ̀, nítorí Aláta ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Cow Lane, láàárín ìlú Accra, ni mo ti ń tà á, ẹ̀yìnkùlé mi ní Mamobi ni mo ti ń sè é. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìjọba ìgbà náà ní kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé kó ẹrù wọn kúrò nílùú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bàbá mi kó wa padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ó fi àpótí irin rẹ̀ àti ìkòkò ọṣẹ ńlá méjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin ẹlẹ́ja kan tí ilé rẹ̀ wà létí òkun, ọmọ Gá, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Accra. Nígbà tí a padà dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, obìnrin náà kò tíì ṣí àpótí yẹn wò. Ó ní kí ọmọ òun bá wa ru ìkòkò délé. Ọmọ náà rù ú, èmi àti ẹ̀ kò sì tún pínyà mọ́.

Òun náà di ẹlẹ́ja bíi ìyá rẹ̀, Ẹlẹ́ja náà ni n ó sì máa pè é níhìn-ín. Supi ni wọ́n ń pè wá, ìyẹn ni pé obìnrin méjì tí ọ̀rẹ́ wọn ti kọjá ọ̀rẹ́. A jọ gbé yàrá kan, a jọ jẹ nínú abọ́ kan, a fẹ́ràn ara wa bí tọkọtaya ṣe ń fẹ́ràn ara wọn. Àdúgbò rí wa, àdúgbò sì ṣe bí ẹni tí kò rí wa, torí pé a kì í pariwo, a ń kí àgbà, a kì í pa ìsọmọlórúkọ ẹnikẹ́ni jẹ. Èyí ló kọ́ mi ní ohun tí mo pè ní ọgbọ́n nígbà náà: pé ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ láyé, kó má jẹ́ kí ojú ayé tó òun. Mo fi ọgbọ́n yẹn yangàn gan-an. Ẹ ó gbọ́ ibi tó gbé mi dé.

Ìjọba alágbádá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà, ilé iṣẹ́ rédíò sì ti pọ̀ bí ewé rúmọ̀. Ẹni tó bá ti ní fóònù alágbèéká lè pè wọ́n kó sọ ohun tó bá wù ú. Òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ tí gbogbo wa jó fún nígbà tó dé, òun ni wọ́n wá fi ń bú wa. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin gba ẹnu rédíò kan láti àárọ̀ dé alẹ́, àwọn onílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ayálégbé wọn ní ìwò kejì.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń ti Dansoman, àdúgbò mìíràn ní Accra, wá ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi. Tíṣà ni, díákónì sì ni ní ìjọ rẹ̀. Táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bí oòrùn ń yọ, bí òjò ń rọ̀. Mo ti mọ̀ pé òun àti àwọn ọkùnrin bíi tirẹ̀ mélòó kan máa ń pàdé ní pálọ̀ rẹ̀, tí wọn á ti kọ́tìnì, tí wọn á máa fi òyìnbó sọ ìbànújẹ́ ọkàn wọn. Lọ́jọ́ kan tí mo ń wé ọṣẹ fún un, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní:

“Àǹtí, ẹ̀yin obìnrin wà lọ́tọ̀, àwa náà wà lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá dé, ṣé ẹ rò pé wọ́n á kọ́kọ́ yà wá sọ́tọ̀ kí wọ́n tó lù wá?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Àwọn àgbà ní ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín, bó bá ṣe igúnnugún, yóò wokoko mọ́ ẹyin ni. Mo ní kí á pàdé ní ẹ̀yìnkùlé mi ní ọ̀sán Sunday. Èrò ọṣẹ kì í wọ́n níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fura. Mo fi òfin kan kún un: kí ẹnikẹ́ni tí ìrìn rẹ̀ tàbí ohùn rẹ̀ lè mú kí aládùúgbò yọjú má wá. Tíṣà gbà, ó mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ẹsẹ Bíbélì. Ẹlẹ́ja pòṣé, ó ń yí ẹja rẹ̀ lórí ààrò lọ.

Ọjọ́ pé. A tó méjìlá, ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin, a jókòó láàárín àwọn òkìtì ọṣẹ, olúkúlùkù ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. A kò tíì sọ ohun kan tó lórí nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín kan láti ìta. Mo mọ ẹ̀rín náà. Gbogbo Mamobi ló mọ̀ ọ́n.

Oníwáákyè ni. Ọmọ Hausa ni, ìyípo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kéwú ló ti ń tà. Wọ́n bí i ní ọkùnrin, àmọ́ obìnrin ni ọkàn rẹ̀ ń jẹ́, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni: yóò lé tìróò, yóò ró aṣọ mọ́ ìdí, yóò rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń dùn mọ́. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Hajiya, àwọn kan fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan fi ń pọ́n ọn lé, òun ń jẹ́ ẹ fún gbogbo wọn. Ẹlẹ́ja ló sọ fún un pé kó wá. Kúlà wáákyè ńlá kan wà lórí rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tó mọ ìrìn bẹ́ẹ̀ rìn sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Salaamu alaykum o, Màmá Ọlọ́ṣẹ! Mo gbọ́ pé ẹ lálejò. Mo ní kí ebi má pa wọ́n.”

Mo rí orí àwọn aládùúgbò lójú fèrèsé. Mo fi ara dí ẹnu ọ̀nà. Mo ní, “Ọṣẹ ti tán lónìí. Padà wá lọ́jọ́ mìíràn.”

Ó wo ẹ̀yìn mi. Òkìtì ọṣẹ ga dé ìbàdí èèyàn níbẹ̀. Ó wò ó títí, ó wá wo ojú mi, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń fà sínú iyanrìn. Ó sọ kúlà náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Tó,” ó ní, bí Hausa ṣe ń sọ pé ó dára. “Kí wọ́n jẹ ẹ́. Wáákyè kì í lé èèyàn.”

Wọ́n yípadà, wọ́n lọ. A gbé kúlà náà wọlé, a sì jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ ẹ́. Tíṣà bù lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ṣító tó wà lórí rẹ̀, ata dúdú yẹn, dára ju ti ìyá òun lọ. Èmi náà dìde, mo sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan fún wọn, mo ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, èèpo ẹ̀wà oníwáákyè ṣì wà láàárín eyín mi. Ẹlẹ́ja nìkan ni kò fẹnu kàn án.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Ẹlẹ́ja ti ọjà dé, tó sọ atẹ kalẹ̀, tí kò sì tú gèlè. Ó ní onílé Oníwáákyè ti lé e, ó ti da ìkòkò rẹ̀ síta. Inú ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan ló ń sùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Kano, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, torí kò níbòmíràn. Gbogbo wa ló mọ ìtàn ẹ̀gbọ́n yẹn: òun ló ṣẹ́ apá Oníwáákyè tí kò fi tọ́ mọ́, ó sì ti búra pé bó bá tún fojú kàn án nínú ìwà yẹn, ọrùn ló kàn.

Mo ní, “Kí ló dé tí kò wá síbí?”

Ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. “Aláta, ibí kẹ̀? Ṣebí ọṣẹ ti tán níbí.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹja. Nígbà tó yá, kò gbójú sókè, ó ní, “Ìyá mi kò bèèrè bí bàbá rẹ ṣe ń rìn kó tó gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀.”

N kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Tèmi tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè wo kúlà tó wà ní kọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo fọ kúlà náà, mo kó ọṣẹ sínú rẹ̀, mo sì lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ọgbọ́n mi: ọ̀sán gangan ni mo lọ, nígbà tí oòrùn ti lé gbogbo èèyàn wọlé, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi. Oníwáákyè jókòó lórí ẹrù rẹ̀. Ó ṣí kúlà wò.

“Ẹ̀n, ọṣẹ ti wá jáde.”

“Má bínú. Mo ṣe àṣìṣe.”

“Màmá, ojú gbogbo àdúgbò lẹ ti lé mi. Kọ̀rọ̀ lẹ wá ti ń bẹ̀ mí.” Ó pa ìdérí dé. “Ẹ gbé kúlà yín.”

“Tìẹ ni.”

“Ẹ̀yin lẹ jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tiyín ni.”

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti ń pa òwe yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò mọ̀ pé èmi ni n ó rù ú nínú oòrùn Mamobi, pẹ̀lú ìdérí tó ń ró gbàgà gbàgà lórí mi.

Bí mo ṣe ń lọ ni mo rántí ìyá mi. Nínú ẹbí wa, ẹni tó bá ṣẹ èèyàn kì í dá nìkan lọ bẹ̀bẹ̀. Yóò kó èèyàn lẹ́yìn, bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá sì ṣe tóbi tó ni èrò náà yóò ṣe pọ̀ tó, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ jókòó sílé. Ta ló mọ̀ nípa tèmi? Gbogbo ẹni tó jẹ nínú kúlà ni. Mo wọ trotro, ọkọ̀ èrò kékeré ti Ghana, mo gba Dansoman lọ.

Tíṣà gbọ́ mi tán, ó dìde, ó lọ ti kọ́tìnì. “Ní Mamobi? Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun? Àǹtí, gbogbo ayé ló máa wà níta! Mo níṣẹ́. Díákónì ni mí.”

“O jẹ wáákyè.”

“Àǹtí!”

“O bù ú lẹ́ẹ̀mejì.”

Ó jókòó. Ó ní bí wọ́n bá rí òun pẹ̀lú ẹni yẹn, ayé òun bàjẹ́ nìyẹn. N kò bá a jiyàn. Mo sọ fún un pé ohun tí èmi náà rò lẹ́nu ọ̀nà mi nìyẹn, pé ẹ̀rù náà kì í ṣe irọ́. Àmọ́ kí la wá ń pe ìpàdé fún, bó bá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ń lù ni àwa náà kọ́kọ́ ń lé? Mo kúrò láìmọ̀ bóyá yóò wá.

Jímọ̀ dé. Èmi, Ẹlẹ́ja, obìnrin méjì nínú àwọn tiwa àti ọkùnrin kan nínú àwọn ti Dansoman, a dúró níbi tí trotro ti ń já èrò. Kúlà wà lẹ́sẹ̀ wa. A kì í dá abọ́ padà lófìfo, nítorí náà a ti da ìrẹsì àti ẹ̀wà tútù sínú rẹ̀, a sì to ewé ọkà bàbà sórí. Àwọn ọkùnrin ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ nínú aṣọ funfun, ojú ọ̀nà kún. A fẹ́ẹ́ máa lọ nígbà tí trotro kan dúró, tí Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, tòun ti táì, òógùn bò ó. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ká áńkáṣíìfù rẹ̀ ṣe òṣùká, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé kúlà sórí.

“Ẹni tó bù lẹ́ẹ̀mejì ló yẹ kó rù ú,” ó ní.

Báyìí ni a ṣe wọ àárín Mamobi: díákónì onítáì pẹ̀lú kúlà lórí, ọmọ Gá tó ń rùn bí ẹja yíyan, àti èmi Aláta níwájú. Oníwáákyè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n ti ń di ẹrù rẹ̀ mọ́ òkè. Ìyá arúgbó kan tó ń ta gúgúrú níbẹ̀ wò wá láti òkè délẹ̀.

“Ṣé ìyàwó lẹ wá tọrọ ni? Onítáì yìí ni ọkọ?”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ. Mo ní, “Mo lé e lẹ́nu ọ̀nà mi lójú gbogbo yín, mo sì jẹ oúnjẹ rẹ̀. Lójú gbogbo yín náà ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́.” Ẹlẹ́ja kúnlẹ̀ tì mí, ó ní “ofainɛ” ní Gá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò jẹ nínú rẹ̀. Tíṣà kò lè kúnlẹ̀ nítorí ẹrù orí rẹ̀, ó ń wí ní Twi pé “mepa wo kyɛw, mepa wo kyɛw,” àwọn yòókù ní “don Allah.” Ariwo ẹ̀bẹ̀ náà dàrú bí ọjà.

Oníwáákyè rìn lọ bá Tíṣà. “Bàbá Onítáì, ṣé ó wúwo?”

“Ó wúwo gan-an.”

“Ẹ sọ̀ ọ́.” Ó ṣí i, ó rí ìrẹsì àti ẹ̀wà tútù. “Ta ló máa sè é?”

“Ìwọ ni,” mo ní, “bí o bá dúró.”

“Ibo ni n ó sùn?”

“Yàrá tí mo ń kó eérú sí. Mo ti kó o jáde, mo ti gbá a.”

“Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì yìí ńkọ́?”

“Àwọn náà.”

“Ẹni tó bá tún dé lọ́la ńkọ́, tí ìrìn rẹ̀ burú ju tèmi lọ?”

Mo wo Ẹlẹ́ja. Kò ràn mí lọ́wọ́. “Òun náà,” mo ní.

Dírẹ́bà fọn fèrè, ó ní kí ẹni tó ń lọ wọlé. Oníwáákyè wo ọkọ̀, ó wo apá rẹ̀ tí kò tọ́. Lẹ́yìn náà ló kígbe sókè sí ẹni tó ń di ẹrù pé kó sọ ti òun kalẹ̀.

N kò ní purọ́ pé ó rọrùn. Àwọn oníbàárà kan kò ra ọṣẹ mi mọ́. Alùfáà ilé kéwú wá bi mí ní ìbéèrè. Mo ní àlejò mi ni wọ́n, ó ní ẹ̀tọ́ àlejò pọ̀ nínú ẹ̀sìn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n gba ipò díákónì lọ́wọ́ Tíṣà. Oṣù méjì kọjá kó tó sọ fún wa. Láàárín ara wa pàápàá, ìjà kò tán. Àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ jù, àwọn obìnrin ń bínú. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń fà á lórí ẹni tó máa gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì dé, wọ́n mọ orúkọ òyìnbó fún irú ẹ̀dá tí olúkúlùkù wa jẹ́. Oníwáákyè ní òun kò kọ orúkọ, bí orúkọ náà bá ti lè fọ abọ́. Mo máa ń wo ìkòkò ọṣẹ mi nígbà náà. Omi eérú kì í fẹ́ bá àdín rẹ́. Bí o bá kánjú dà á pọ̀, yóò ya. Iná díẹ̀, kí o dúró tì í, kí o máa rò ó, kí apá máa dùn ọ́.

Òfin mi nípa ìrìn èèyàn ti kú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Kano lọ. Oníwáákyè ló fi òfin tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀: a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ìpàdé kankan kí á tó jẹun, ẹni tó bá sì dé kẹ́yìn ni a ó kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Mo bi í pé irú àṣà wo nìyẹn. Ó ní ẹni tó dé kẹ́yìn ló ronú jù lọ́nà bóyá kí òun padà sílé.

Nígbà tí Ẹlẹ́ja kú, àwọn ẹbí rẹ̀ kò bá mi jà, àmọ́ wọn kò mọ ibi tí wọn yóò fi mí sí. Níbi ìsìnkú, wọ́n ní kí n jókòó lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú àwọn ojúlùmọ̀. Mo jókòó. Ìgbà tó ṣe, Tíṣà dé, ó jókòó tì mí. Oníwáákyè dé, tòun ti tìróò, ó jókòó tì mí. Wọ́n ń dé láti Nima, láti Dansoman, láti etí òkun, wọ́n ń kọjá àga iwájú tó ṣófo, wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, títí àwọn ẹbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú padà wò wá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló dìde níkẹyìn, tó wá fà mí lọ́wọ́ síwájú. Bí mo bá ń dúpẹ́ láyé mi, ọjọ́ yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní Oníwáákyè gba kúlà yẹn lọ́wọ́ mi ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí mo dá gbé e lọ, èmi nìkan ni ǹ bá jókòó lẹ́yìn.

Mo ti darúgbó. Rédíò tún ti ń pariwo, wọ́n ní òfin kan ń bọ̀ tó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí bó ṣe yẹ kó ba èèyàn. Àmọ́ n kò dá nìkan bẹ̀rù mọ́. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, kò tíì bọ́ táì. Ojú Oníwáákyè kò ríran dáadáa mọ́, síbẹ̀ ó ṣì ń fi imú mọ ìgbà tí wáákyè jinná.

Ní Sunday tó kọjá, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nígbà tí ẹnì kan kágò. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan tí n kò rí rí ló dúró níbẹ̀, ó wé gèlè, ohùn rẹ̀ sì nípọn bíi ti ọkùnrin. Àwọn aládùúgbò ti yọjú. Ó rí wọn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. “Màmá, wọ́n ní ẹ ń ta ọṣẹ. Bó bá ti tán, mo lè padà wá.”

“Kò tán,” mo ní. “Wọlé.”

Láti ẹ̀yìn mi, Oníwáákyè gbé ojú rẹ̀ tó ti ṣú sókè. “Ta ni?”

“Ẹni tó dé kẹ́yìn ni.”

Ó ti ń na ọwọ́ wá ṣíbí.